Ọmọ Iléèwé Tó Gba Ọ̀pá Báǹdì

Ìlù tó ń mú ẹsẹ̀ ọmọ iléèwé yan lónìí ní ilẹ̀ Òkun, ilẹ̀ Yorùbá tó wà ní ìpínlẹ̀ Kogí, kò ti iléèwé wá. Ọ̀dọ̀ ṣọ́jà ló ti wá. Ní oṣù kìíní ọdún 1897, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra ní Lọ́kọ́ja, wọ́n la igbó kọjá dé Kàbbà kí wọ́n tó kọjú sí Bídà, olú-ìlú Núpé. George Goldie, olórí ilé-iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, bá wọn rìn. Àwọn ọmọ ogun Núpé tó ti ń kó Owé, Ìjùmú, Búnú àti Yàgbà lẹ́rú fún ọ̀pọ̀ ọdún ti kó ẹrù wọn kúrò ní Kàbbà kí àwọn òyìnbó tó wọlé. Kí oṣù náà sì tó tán, Bídà ti ṣubú. Ìtàn ogun yìí wà nínú ìwé, ẹnu àwọn àgbà náà kò sì dákẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tí a kì í sábà kà mọ́ ọn ni ìró tó bá a wọ̀lú: fèrè ṣọ́jà, tó ń jí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tó ń tò wọ́n, tó sì ń dá wọn dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni la ẹnu.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1900, Frederick Lugard, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ta àsíá Gẹ̀ẹ́sì sókè ní Lọ́kọ́ja lójú àwọn ọmọ ogun West African Frontier Force. Iléèwé ti wà ní ìlú náà nígbà yẹn. CMS, ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì Áńgílíkà, lábẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ níbẹ̀ láti 1865. Bárékè wà lápá kan, ìjọ àti iléèwé wà lápá kejì, gbogbo wọn sì wà ní ìlú tí àwọn ará Ìjùmú ń ná ọjà rẹ̀, tí wọ́n sì ń wá iṣẹ́ lọ. Báǹdì iléèwé, ọmọ àwọn méjèèjì ni: ó jogún aṣọ àti ẹsẹ̀ lọ́dọ̀ ṣọ́jà, ó jogún orin lọ́dọ̀ ìjọ.

Ẹ mú ìlú Ìyàh-Gbẹ̀dẹ̀ bí àpẹẹrẹ: ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìjùmú, ìpínlẹ̀ Kogí, òun àti Ayétòrò-Gbẹ̀dẹ̀ sì jọ ń jẹ́ Gbẹ̀dẹ̀. Nínú ìlú kékeré bẹ́ẹ̀, tí kì í ṣe olú-ìlú, tí kò ní gbọ̀ngàn orin, báǹdì iléèwé kì í ṣe ọ̀ràn àwọn ọmọdé nìkan. Òun ni ìlú fi ń ṣe ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún, ọjọ́ àwọn ọmọdé. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ọjọ́ òmìnira ní oṣù kẹwàá. Bí àlejò pàtàkì bá ń bọ̀, òun ni wọ́n ń tò sójú ọ̀nà. Nítorí náà, ọmọ tó bá di ọ̀gá báǹdì, gbogbo ìlú ló mọ̀ ọ́n kí ó tó gba ìwé ẹ̀rí kankan.

Ọ̀nà tí ọmọ náà ń gbà débẹ̀ ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn náà sì gùn ju odi iléèwé lọ.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹwàá ọdún 1883 ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Alexander Smith dá Boys' Brigade sílẹ̀ ní ìlú Glasgow ní Scotland. Olùkọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀gá nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun olùyọ̀ǹda. Àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ ní ọjọ́ Àìkú kò gbọ́ràn. Ó rò ó pé bí òun bá ń tò wọ́n bí òun ṣe ń to ọmọ ogun, ara wọn yóò balẹ̀. Èrò náà ṣiṣẹ́ ju bó ti rò lọ. Ẹgbẹ́ rẹ̀ tàn kálẹ̀ ayé, ó sì dé Nàìjíríà ní 1908 pẹ̀lú fìlà, bẹ́líìtì àti ìlù. Ní 1920 ni Salvation Army náà dé Èkó, àwọn tí ìwàásù wọn kì í jáde sí ìgboro láìsí fèrè onídẹ àti tanborínì.

Ìjọba amúnisìn fẹ́ràn gbogbo èyí, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, ọjọ́ ìbí Ọbabìnrin Victoria tí wọ́n sọ di Empire Day, àwọn ọmọ iléèwé láti ìlú dé ìlú máa ń yan kọjá níwájú aṣojú ìjọba, wọ́n á sì yí ojú sí i láti kí i. Ìlù ló ń tò wọ́n. Ìgbọ́ràn ni ẹ̀kọ́ náà. Ẹni tó bá ń gbé ẹsẹ̀ nígbà tí wọ́n ní kó gbé e, wọ́n rò pé yóò san owó orí nígbà tí wọ́n bá ní kó san án.

Àmọ́ àwọn ọmọ rí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Wọlé Ṣóyínká, tí wọ́n bí ní 1934, kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ Aké, tó jáde ní 1981, bí òun ṣe tẹ̀lé báǹdì ọlọ́pàá láti ilé ní Aké títí tó fi dé Ìbarà nígbà tí òun ṣì kéré gan-an, láìmọ̀ pé ilé ti jìnnà. Òbí tó bá ka ibẹ̀ yóò kọ́kọ́ gbọn orí. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìlù ńlá rí láti ìtòsí kò ní bi í pé kí ló dé. Ọmọ náà kò gbọ́ràn sí ìjọba kankan; ìró ló gbé e lọ. Ẹni tó bá sì mọ̀ pé ìró lè gbé ènìyàn rìn báyìí, kò pẹ́ tí yóò fi máa wo ọwọ́ ẹni tó mú igi ìlù.

Ẹ jẹ́ ká wo ọwọ́ náà dáadáa.

Bí báǹdì bá fẹ́ gbéra, àwọn tó ń lu ìlù pẹlẹbẹ, tí àwọn ọmọ ń pè ní sáìdì, á kọ́kọ́ fi igi méjì tín-ín-rín gbọ̀n ọ́n pẹrẹrẹrẹ lẹ́ẹ̀mejì. Gbígbọ̀n kọ̀ọ̀kan gùn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Lẹ́yìn èkejì, ìlù ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní béèsì, á bọ́ sílẹ̀ gbì, ẹsẹ̀ òsì gbogbo wọn á sì kúrò nílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, gbì tó bá wúwo jù, ẹsẹ̀ òsì ló ni ín. Bí ọmọ tó ń lu béèsì bá yára díẹ̀, àwọn kékeré tó wà lẹ́yìn á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Bó bá lọ́ra, àwọn àgbà á máa tẹ ara wọn ní gìgísẹ̀. Tí ọ̀gá báǹdì níwájú bá gbé ọ̀pá sókè pé ó tó, onílù ńlá á lù ú lẹ́ẹ̀mejì kánkán, gbì-gbì, fèrè gbogbo á sì dákẹ́ pa lójú kan. Kò sí ọ̀rọ̀ ẹnu níbẹ̀. Ọmọ kan ló pa àṣẹ, ọmọ kejì ló gbé àṣẹ náà dé ẹ̀yìn, àwọn yòókù sì ti gbọ́.

Ó wá ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ òǹwòran kì í kíyè sí. Ọ̀gá báǹdì kì í rí báǹdì rẹ̀. Iwájú ni ojú rẹ̀ wà, ẹ̀yìn ló kọ sí wọn. Bí onífèrè kan bá ti ṣì í, bí aro, àwo idẹ méjì tí wọ́n ń gbá mọ́ra, bá ti dún ṣáájú àkókò, etí ló fi máa mọ̀, kò sì gbọdọ̀ yíjú padà. Ìdí nìyí tí wọn kì í fi í mú ọmọ tó ga jù tàbí tó rẹwà jù kí wọ́n kàn fún un lọ́pàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùkọ́ kan ti dán an wò. Ọmọ tí kò bá ti dúró lẹ́yìn rí kò mọ bí ẹ̀yìn ṣe ń dún.

Bẹ́ẹ̀ ni àtẹ̀gùn inú báǹdì ṣe di ohun tó gùn. Ọmọ tuntun kì í lu nǹkan kan. Ó máa ń gbé ìlù jáde, ó máa ń gbé e wọlé. Bí ìlù bá jẹ́ aláwọ ewúrẹ́, tí ìrì òwúrọ̀ tàbí òjò sì ti mú kí awọ náà dẹ̀, òun ni yóò gbé e sí oòrùn tàbí tí yóò yá a níná títí ohùn rẹ̀ yóò fi le padà. Ibẹ̀ ló ti ń kọ́ ìyàtọ̀ láàrin ìlù tó kú àti ìlù tó yè, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní ìlù lílù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní aro. Aro dà bí ohun tó rọrùn, kò rọrùn: ẹni tó bá lù ú láìtọ́, gbogbo pápá ló gbọ́. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sí sáìdì, tàbí fèrè bí iléèwé bá ní fèrè, kí ó tó kan béèsì. Lẹ́yìn béèsì ni ọ̀pá.

Ilẹ̀ Òkun kò ṣàjèjì sí irú ètò bẹ́ẹ̀. Oyè ní Owé àti láwọn ìlú Òkun mìíràn ní ìpele, ẹni tó wà nísàlẹ̀ sì mọ ohun tó wà lókè òun àti ohun tí yóò ná an. Àwọn onílù Yorùbá náà mọ̀ ọ́n. Nínú agboolé àyàn, gúdúgúdú àti omele ni ọmọ máa ń wà nídìí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé ìyáàlù kọ́ ọ lọ́rùn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọmọ àyàn ni yóò di àyàn. Nínú báǹdì iléèwé, ọmọ àgbẹ̀, ọmọ oníṣòwò àti ọmọ pásítọ̀ lè jọ du ọ̀pá kan náà. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn tó mú báǹdì wá ṣe rò lọ.

Bí a bá fẹ́ rí ibi tí àtẹ̀gùn yìí lè gbé ọmọ dé, Accra ní Gánà ni ká kọ́kọ́ yà sí. Ní àwọn ọdún 1930, olùkọ́ kan wà ní Government Elementary School ní àdúgbò James Town tó ń jẹ́ Joe Lamptey. Teacher Lamptey ni gbogbo ìlú ń pè é. Ó dá báǹdì fèrè àti ìlù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ iléèwé rẹ̀, báǹdì irú èyí tí ọmọ ń fi fèrè kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu fọn. Láti inú àwọn ọmọ wọ̀nyí ló ti ń fa àwọn tó bá gbọ́n yọ sínú ẹgbẹ́ àgbà tó ń darí, Accra Orchestra, ẹgbẹ́ tó ń ṣeré fún àwọn olówó ní gbọ̀ngàn ijó.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni Emmanuel Tettey Mensah, tí wọ́n bí ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1919. Fèrè kékeré ló kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Yebuah, náà wà nídìí orin. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tẹ́gbọ́n-tàbúrò yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kúrò lábẹ́ olùkọ́ wọn, wọ́n dá Accra Rhythmic Orchestra sílẹ̀. Àwọn ọmọ tí Lamptey kọ́ ló wá ń bá Lamptey du ọjà. Olùkọ́ tó bá kọ́ ọmọ dáadáa kò lè ṣàì rí èyí.

Ogun àgbáyé kejì wá mú àwọn ṣọ́jà òyìnbó dé Accra. Sájẹ́ǹtì kan wà láàrin wọn, Jack Leopard, ọkùnrin tó ti fi sakisofóònù jẹun nílùú wọn kí ogun tó bẹ̀rẹ̀. Ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó da dúdú àti funfun pọ̀, Mensah sì bọ́ sínú rẹ̀. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ni ohun tí iléèwé kò kọ́ ọ: bí a ṣe ń mí sínú fèrè, bí a ṣe ń fi ahọ́n gé ìró, bí ohùn kan kò ṣe gbọdọ̀ fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń fọn fèrè, síbẹ̀ ó tún padà di ọmọ ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ogun ló bọ́ sínú The Tempos, ó sì di olórí wọn ní 1948.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti inú báǹdì Teacher Lamptey títí di ọjọ́ tí ọ̀pá bọ́ sí ọwọ́ tirẹ̀ gan-an, ó lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì ti kọ́ iṣẹ́ apòògùn láàrin kan. Nígbà tó wá gba ọ̀pá náà, kò fi jó nínú ilé nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, The Tempos gbé eré wọn wá sí Nàìjíríà. Àwọn ẹgbẹ́ Èkó tó ń ṣe orin ijó òyìnbó nígbà náà gbọ́ báwọn ará Accra ṣe ń fi fèrè onídẹ kọ orin tilẹ̀ wọn, hàíláìfù sì gba ìlú. Ní 1956 nígbà tí Louis Armstrong dé Accra láti Amẹ́ríkà, Mensah wà lára àwọn tó bá a ṣeré. Ọmọ James Town, láti orí fèrè kékeré.

Ọ̀kan lára àwọn ará Èkó tí ìjì hàíláìfù yìí gbé ni Victor Ọláìyá. Ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1930 ni wọ́n bí i ní Calabar. Ìjẹ̀ṣà-Ìṣù ní Èkìtì ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Kékeré ló ti kọ́ bombardon, fèrè onídẹ ńlá tó ń dún nísàlẹ̀ bí akọ ẹran, àti fèrè tí wọ́n ń pè ní French horn. Ẹni tó bá mọ báǹdì mọ̀ pé bombardon kì í ṣe fèrè ìgbéraga. Kì í mú ohùn orin, ẹsẹ̀ orin ló ń gbé. Ọláìyá yege ìdánwò ní 1951, Yunifásítì Howard ní Amẹ́ríkà sì gbà á láti kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Kò lọ. Inú àwọn òbí rẹ̀ kò dùn sí i, bẹ́ẹ̀ sì ni ó yẹ kó rí ní ilé Yorùbá kankan nígbà yẹn. Ó ṣeré lábẹ́ àwọn ẹlòmíràn, títí kan Bobby Benson, kí ó tó dá Cool Cats sílẹ̀ ní 1954. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló lù fún ijó ìjọba.

Ní St. Gregory's College ní Èkó, iléèwé Kátólíìkì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1928, ọmọ Bẹ̀nín kan tó ń jẹ́ Victor Uwaifo ka ìwé láti 1957 sí 1961. Òun ni olórí báǹdì iléèwé náà. Gìtá ni tirẹ̀, kì í ṣe ìlù yíyan. Ayé ti ń yí. Nígbà tí ó bá ráyè, ó máa ń lọ bá ẹgbẹ́ Ọláìyá ṣeré. Ẹ wo ọmọ tó jẹ́ ọ̀gá ní iléèwé, tó tún jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ní ìgboro. Orin rẹ̀ Joromi ló wá sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀ kí àwọn ọdún 1960 tó parí.

Iléèwé kan náà ni ìjì tún ti jà ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Uwaifo kúrò. Ogun abẹ́lé ti parí ní 1970, orin àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì kún orí rédíò, àwọn ọmọ St. Gregory's kan sì kó ara wọn jọ, wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege. Melvin Ukachi ló ń darí wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó ti jáde iléèwé. Odion Iruoje, tó ń gbé rẹ́kọ́ọ̀dù jáde fún EMI, gbọ́ wọn, ó mú wọn wọ yàrá ìgbohùnsílẹ̀, Try and Love sì jáde ní 1973. Àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa ronú ìdánwò ni rẹ́kọ́ọ̀dù wọn ń dún ní ilé àríyá àwọn ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n tún ṣe mẹ́ta sí i kí àwọn ọdún 1970 tó tán.

Orúkọ Ofege wúni lórí, ṣùgbọ́n ó yẹ ká sọ òótọ́: ọmọ Èkó ni wọ́n, nítòsí EMI, nítòsí iná mànàmáná, nítòsí àwọn tó ní gìtá. Ọmọ Ìjùmú kò ní èyí. Ní ilẹ̀ Òkun, ọ̀nà báǹdì gba inú iléèwé ìjọ onílé-gbígbé. Tommy Titcombe, míṣọ́nnárì SIM tó ti Kánádà wá, ti dé Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà láti 1908. Ní 1951 ni wọ́n dá iléèwé girama sílẹ̀ níbẹ̀ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ, Titcombe College. Àwọn Kátólíìkì ní St. Augustine's College tiwọn ní Kàbbà. Fún ìgbà pípẹ́, ọmọ ìlú kékeré ní Ìjùmú tó bá fẹ́ ka ìwé girama ní láti fi ilé sílẹ̀ lọ síbẹ̀ tàbí sí ibòmíràn. Bí ó bá padà dé nígbà ọlidé, yunifọ́ọ̀mù tó dán, bàtà tó ń dún àti orin ìrìn ló ń mú bọ̀.

Ní apá gúúsù, ní ìkọjá ààlà, Ìkàrẹ́-Àkókó ti bí Roy Chicago, orúkọ àbísọ rẹ̀ ni John Akíntọ́lá Adémúwàgún. Hàíláìfù lòun náà ṣe, àmọ́ ó gbé gángan wọ inú rẹ̀, ó jẹ́ kó máa sọ̀rọ̀ láàrin fèrè onídẹ àti gìtá. Lójú ẹni tó bá dàgbà ní agbègbè yẹn, èyí kò yani lẹ́nu. Ọmọ tó gbọ́ gángan ní ọjọ́ ọdún, tó gbọ́ béèsì ní pápá iléèwé, kò rí ìdí tí àwọn méjèèjì kò fi ní pàdé.

Nígbà tí àwọn iléèwé girama wá bẹ̀rẹ̀ sí í dé àwọn ìlú kéékèèké, bí Gbẹ̀dẹ̀ àti àwọn ará ìtòsí rẹ̀, ìyípadà méjì ló bá wọn dé. Ìjọba ti gba iléèwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1976, ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ UPE bẹ̀rẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, ọmọ sì kún iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́fọ́. Ọmọ pọ̀, ìlù kò pọ̀. Fàdá àti míṣọ́nnárì tó ń kọ̀wé sí ilé pé kí wọ́n fi fèrè ránṣẹ́ kò sí mọ́. Iléèwé wá di ohun tó ń dúró de owó láti ọ́fíìsì.

Lẹ́yìn náà ni 1986 dé pẹ̀lú SAP, ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ìjọba. Náírà wó lulẹ̀, ohun tó bá ti òkè òkun wá di ọ̀wọ́n, fèrè onídẹ sì wà lára ohun tí iléèwé ìlú kékeré yọ kúrò nínú ìwé owó rẹ̀. Ohun tó kù ni ìlù, nítorí ìlù ṣeé ṣe nílé. Oníṣẹ́ irin lè ká páànù rogodo. Awọ kò jìnnà. Okùn àti irin tín-ín-rín tó kù, ọjà ló wà. Báǹdì ọ̀pọ̀ iléèwé di béèsì, sáìdì àti aro nìkan, fèrè sì di ohun tí àwọn ọmọ ń fi ẹnu ṣe. Àwọn kan máa ń sọ pé báǹdì kú nígbà yẹn. Kò kú. Ó padà sí bí ó ti rí lọ́dọ̀ àwọn onílù tiwa, ìlù ló ń sọ gbogbo rẹ̀.

Ibi tí fèrè sá lọ ni ìjọ. Boys' Brigade ECWA, ti Áńgílíkà àti ti àwọn ìjọ mìíràn ní ilẹ̀ Òkun ń yan títí di òní, àwọn ọmọbìnrin náà ti ní Girls' Brigade tiwọn. Ọmọ tí iléèwé rẹ̀ kò ní trumpet lè kọ́ ọ ní ìjọ lọ́jọ́ Sátidé, kí ó sì mú ohun tó kọ́ wá sí iléèwé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórí báǹdì iléèwé kan ṣe jẹ́ olórí méjì: ipò kan nínú ìjọ, ipò kan ní pápá ásẹ́ḿbílì. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991, Lọ́kọ́ja tí ìlù náà ti bẹ̀rẹ̀ di olú-ìlú, iléèwé tí wọ́n bá sì mú wá yan níbẹ̀ ní ọjọ́ òmìnira kì í tètè jẹ́ kí ará ìlú gbàgbé.

Ipò ọ̀gá báǹdì nínú iléèwé jẹ́ ohun àràmàǹdà. Pírífẹ́ẹ̀tì ní agbára nítorí ọ̀gá iléèwé fún un. Ó lè kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, ó lè ní kí ó kúnlẹ̀. Ọ̀gá báǹdì kò lè fi ìyẹn mú sáìdì dún dáadáa. Ọmọ tó bá bínú sí i lè máa lù ú ní dídẹ̀ títí wọn yóò fi tú ká níwájú àlejò, kò sì sí ẹni tó máa rí ọwọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá báǹdì tó bá gbọ́n máa ń tètè dé, ó máa ń dúró kẹ́yìn láti kó ìlù wọlé pẹ̀lú àwọn kékeré, ó sì máa ń fi ẹnu kọ́ wọn ní lílù náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan igi. Èyí tó bá ń pariwo kì í pẹ́.

Ipò náà sì ní ọjọ́ orí. Bí ìdánwò WAEC bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ kíláàsì àgbà gbọ́dọ̀ fi ìlù sílẹ̀. Ìjà ńlá máa ń wà níbẹ̀: ta ni yóò gba ọ̀pá? Àwọn olùkọ́ kan á mú ọmọ tó ń hùwà dáadáa, àwọn kan á mú ọmọ tó ń lu béèsì. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bí olùkọ́ bá mú ẹni tí báǹdì kò fẹ́, báǹdì fúnra rẹ̀ á tún yàn: ọ̀pá wà lọ́wọ́ ẹnìkan, etí gbogbo wọn wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Iṣẹ́ sì wà lẹ́yìn iléèwé fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n. Ní òpin ọ̀sẹ̀, ojú ọ̀nà ilẹ̀ Òkun kún fún ọkọ̀ àwọn tó ń ti Èkó, Abújá àti Ìlọrin bọ̀ wá ṣe ìsìnkú àgbà. Òkú àgbà kì í sábà wọlẹ̀ láìsí báǹdì mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́fà, mẹ́jọ, tí wọ́n ti jọ lu ìlù ní iléèwé tàbí ní Brigade, á wọ aṣọ kan náà, wọ́n á fi fèrè méjì àti béèsì kan sin pósí láti ilé dé ìjọ, láti ìjọ dé ibojì, wọ́n á kọ orin ìyìn lọ, wọ́n á sì kọ orin ijó bọ̀. Ọ̀gá wọn ló ń bá ẹbí dúnàádúrà, òun ló ń gba ìdajì owó ṣáájú, òun ló ń pín ohun tí àwọn òǹwòran bá lẹ̀ mọ́ wọn níwájú orí. Bó bá pín in láìtọ́, ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹni tó ń lu béèsì ti dá báǹdì tirẹ̀ sílẹ̀.